Àmín Tí Mo Ṣe Láàárọ̀ Yìí

Màámi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí mi ò mọ ojú oórì yín,

Èmi àkọ́bí yín ni mò ń kọ̀wé yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé kà nígbà tẹ́ ẹ wà láyé. Èmi náà, kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n máa bọ̀ nílé wá tọ́jú àbúrò mi. Tí mo bá kọ nǹkan tí kò gún, ẹ bá mi tún un ṣe, bẹ́ ẹ ṣe máa ń tún ìró mi ró fún mi tí mo bá ró o sódì.

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà. Ọ̀sán ni. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti bí tiẹ̀, ó ń sùn, ó la ẹnu sílẹ̀. Èmi ò tíì bí. Oyún oṣù kẹjọ ló wà nínú mi. Ẹsẹ̀ mi wú, ojú mi wú, òrùka ò wọ ìka mi mọ́. Wọ́n ní lọ́la làwọn dókítà máa gbé ọmọ náà jáde, ì báà gbó, ì báà má gbó, torí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó le pa èmi àtòun. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Ẹ̀rù yẹn ló gbé bírò fún mi. Ẹ̀rù yẹn, àti àmín kan tí mo ṣe láàárọ̀ yìí, tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹ ò mọ ọkọ mi. Ọmọ Ìkìrun ni, káfíńtà. Bùrọ̀dá ni mo ń pè é. Ó ń bá àwọn òyìnbó tó ń kọ́ èpóòtù tuntun ṣiṣẹ́, òun ló ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Mafoluku là ń gbé, yàrá kan, nínú ilé tó ní yàrá lọ́tùn-ún, tó ní yàrá lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Ẹ̀rọ òfuurufú máa ń gba orí òrùlé wa kọjá débi pé ọmọrí ìkòkò á máa gbọ̀n lórí sítóòfù. Tó bá ń kọjá, gbogbo ilé á dákẹ́. Tó bá ti lọ tán, kálukú á bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ láti ibi tó bá a dé, ẹni tó ń jà á máa jà lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, abẹ́ tábìlì ni mo máa ń sá wọ̀.

Owó pọ̀ nílùú báyìí. Wọ́n ní epo ló mú un wá. Nígbà tí mo gbọ́, mo rò pé epo pupa ni. Mo wí fún Bùrọ̀dá pé tó bá ṣe pé epo ni, à bá ti là tipẹ́ nílé wa, torí kò sẹ́ni tó máa ń ṣe epo tó ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní epo abẹ́ ilẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń tà fún òyìnbó. Torí epo abẹ́ ilẹ̀ yìí, ẹja tó di yìnyín ti kún ọjà Òṣòdì, ẹja tó le bí òkúta, téèyàn gbọ́dọ̀ kó sínú omi kó tó rọ̀. Ìrẹsì òyìnbó wà, mílíìkì inú agolo wà. Àwọn tó ń gbé Ire-Akari ti ń ra fíríìjì. Omi ẹ̀rọ nìkan ni kò dé ilé tiwa. Kànga la ṣì ń fà.

Bùrọ̀dá máa ń se oúnjẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oyún yìí bẹ̀rẹ̀, òórùn epo gbígbóná ni mi ò le gbà. Tí ẹnikẹ́ni bá ti da ata sínú epo lọ́dẹ̀dẹ̀, mo ti bẹ́ jáde nìyẹn, mo ti ń bì. Òun ló wá ń dín ẹja, òun ló ń dín ata, pẹ̀lú ìró mi tó so mọ́ ìdí. Ìyá Sílífá, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, tó ń ta èérún aṣọ lọ́nà Aswani, kò jẹ́ kó sinmi.

"Ọkọ ìyàwó, ta ló lóyún gan-an nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Àwa méjèèjì ni, Ìyá Sílífá. Tiẹ̀ wà níkùn, tèmi wà nínú ìkòkò."

"Ẹja yẹn ti jó, bàbá ìkòkò!"

Òótọ́ ni, ó máa ń jó. Ó máa ń dín in títí táá fi máa dún bíi pákó tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́. Àmọ́ àwo kan náà la jọ ń jẹ, tí oúnjẹ bá ti ń tán lọ, á máa fi ìka ti ẹja sí apá ọ̀dọ̀ mi, á sì kọjú síbòmíì bí ẹni pé òun kọ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, àbí ẹ ti gbàgbé? Lọ́jọ́ kan, ó ní kí ló dé tó jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò, tí mo máa ń lá a, tí mo máa ń pa ojú dé. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tiyín ni. Ìyẹn nìkan ni mo jogún lọ́dọ̀ yín, torí òun nìkan ni wọn ò rí gbé lọ sígbó.

Mi ò gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ yín ti wú nígbà náà tó jẹ́ pé bàtà Bàbá lẹ̀ ń wọ̀ rìn nínú ilé. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á jìn wọlé, ojú ibẹ̀ á dúró bẹ́ẹ̀, èmi á rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ̀ pé ikú la fi ń ṣeré? Lọ́jọ́ náà, ẹ ní orí ń fọ́ yín. Ẹ jókòó ti ọlọ, ẹ̀ ń lọ ata, ẹ ní kí n ṣí fèrèsé torí ojú yín ń ṣú, bẹ́ẹ̀ fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ẹ wá ṣubú. Gbogbo ara yín ń gbọ̀n, ata wà lọ́wọ́ yín. Wọ́n gbé èmi àti àbúrò mi lọ sílé ẹlòmíì. Wọ́n ní ẹ lọ ra ata ní Ìsẹ́yìn. Mo dúró de ata yẹn pẹ́, Màámi.

Nígbà tí wọ́n mú wa padà wálé, kò sí nǹkan yín kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ́. Ìkòkò yín, àwo yín, ọmọrogùn yín, àní ọlọ yẹn, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ sínú igbó. Wọn ò sin yín sínú ilé bí wọ́n ṣe sin Màmá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin ló sọ ọ́ lẹ́nu níbi tó ti ń fọ aṣọ, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ògiri. Ó ní, ó kú toyúntoyún. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé: ibà ló pa á, ibà ni ká máa wí. Wọ́n ní tí ayé bá gbọ́ pé oyún ló pa ìyá, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ọmọ. Nígbà tí àwọn ará Ìkìrun wá wádìí ilé wa, wọ́n béèrè. Bàbá dáhùn pé ibà. Wọ́n jẹ obì lé e lórí. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo gbọ́, mi ò sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìkìrun, ìyá ọkọ mi, wá bá wa nígbà tí inú mi yọ gan-an. Wọ́n ní ọmọ tó lóyún àkọ́kọ́ tí kò níyàá, ta ló máa tọ́jú ẹ̀. Wọ́n gbé àpò èlùbọ́ dání, wọ́n di irú sínú ewé, irú ọ̀hún sì ń rùn gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀ o!" Ìyá Sílífá ló pariwo láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀. "Irú yín ti dé ṣáájú yín!"

"Ẹ jẹ́ kó ṣáájú, ọmọ mi. Òun ló mọ Èkó jù mí lọ."

Èèyàn dáadáa ni wọ́n, Màámi. Ohun tó le jù fún mi nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ká ní wọ́n burú ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀, màá mọ ẹni tí mò ń sá fún. Wọn ò jẹ́ kí n fa omi. Wọn ò jẹ́ kí n gúnyán. Tí mo bá fẹ́ jáde lọ́sàn-án, wọ́n á so òkúta kékeré mọ́ etí ìró mi. Wọ́n ti sọ ọmọ inú mi lórúkọ ní tiwọn, wọ́n ní obìnrin ni, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ̀ wálé, Ìyábọ̀ ni wọ́n ń pè é. "Ìyábọ̀, ṣé o ti yó? Ìyábọ̀, má ta ìyá ẹ nípàá o, jẹ́jẹ́ ni." Tí wọ́n bá ń pè é bẹ́ẹ̀, òógùn á bò mí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n ní, "Ìkòkò ìyá ẹ dà? Obìnrin kì í wálé ọkọ kó má mú ọ̀kan dání nínú ìkòkò ìyá ẹ̀." Mo ní àbúrò yín ló kó wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀kánjúwà obìnrin." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi bú àbúrò yín tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan sítóòfù, wọ́n á gbé ọwọ́ lé inú mi, wọ́n á gbàdúrà. Àwọn ará ilé tó bá wà nítòsí á máa ṣe àmín.

"Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wàá bí i."

"Àmín."

"A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ."

"Àmín."

"Ọ̀nà tí ìyá ẹ gbà tó fi bí ẹ, ọ̀nà yẹn gan-an ni wàá gbà. Bó ṣe ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe é."

Àmín tiyẹn ló há mi lọ́fun. Ire ni wọ́n ń wí o. Àmọ́ èmi mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn. Ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé kó rí bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ òfuurufú ló gbà mí sílẹ̀, ariwo ẹ̀ bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo húkọ́. Nígbà tó ṣe, kò sí ẹ̀rọ òfuurufú, ikọ́ sì ti sú wọn. Àwa obìnrin ilé jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, à ń bó ẹ̀gúsí, gbogbo ẹnu ló dáhùn àfi tèmi.

"Ìyàwó, mi ò gbọ́ tìẹ."

"Ẹ̀gúsí ló wà lẹ́nu ẹ̀, Ìyá," Ìyá Sílífá ló wí bẹ́ẹ̀. "Ó ti jẹ èyí tó pọ̀ ju èyí tó bó lọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìkìrun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú wọn ò kúrò lẹ́nu mi. Wọ́n ń wo ètè mi bí èèyàn ṣe ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó dànù.

Láàárín ìgbà yẹn lèmi àti Ìyá Ìkìrun lọ rí nọ́ọ̀sì ní Ìsọlọ̀. Nọ́ọ̀sì náà dàgbà, ẹnu ẹ̀ mú. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ìyàwó, ìwọ lo ni ẹsẹ̀ yìí àbí erin ló yá ẹ?" Ó so nǹkan mọ́ mi lápá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò bá mi ṣàwàdà mọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ní kí n má fẹnu kan iyọ̀.

"Ìyá tó bí ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, mà."

"Kí ló pa wọ́n? Ṣé ìgbà ìbímọ ni?"

Ẹnu mi ti là. Ìyá Ìkìrun ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. "Ibà ni o, nọ́ọ̀sì. Ibà lásán ni. Àwa náà wádìí ká tó fẹ́ ẹ. Obìnrin tó máa ń bímọ bí ẹní ń re ọjà ni ìyá ẹ̀." Inú wọn ń dùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tá a délé, Ìyá Ìkìrun ò le fara mọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn. Wọ́n ní iyọ̀ la fi ń sọ ọmọ lórúkọ kí ayé ẹ̀ le dùn, ọmọ tí wọ́n wá fi ọbẹ̀ àtẹ́ tọ́ nínú ìyá ẹ̀, ayé wo ló fẹ́ wá jẹ? Wọ́n ní nọ́ọ̀sì mọ̀wé, àmọ́ kò mọ ìyá tó bí mi. Ọmọ ẹni tó ń bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ló kàn án pẹ̀lú àìsàn? Ni wọ́n bá ń bu iyọ̀ sí tèmi díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mi ò bá sí nítòsí. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Mo sì mọ̀. Tí mo bá ti ta ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo ti mọ̀. Mò ń jẹ ẹ́. Mò ń wo ara mi tó ń wú, mo sì ń jẹ ẹ́, torí tí mo bá ní mi ò jẹ, wọ́n á bi mí ìdí ẹ̀, kò sì sí ìdí tí mo le sọ tí kò ní í dé ọ̀dọ̀ yín. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bu iyọ̀ yẹn. Ibà tí Bàbá sọ ló ń bù ú.

Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo mọ irú orí fífọ́ tó jẹ́. Ó jẹ́ ọ̀sán lánàá. Mo wọ ibi tí Ìyá Ìkìrun ti ń se ilá. Mo rí i pé iná sítóòfù di méjì lójú mi, ó di mẹ́ta. Mo di ògiri mú. Mo ní kí wọ́n ta ọbẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo lá a.

"Ìyá, iyọ̀ wà níbẹ̀."

"Díẹ̀ ni, ọmọ mi. Ìyá ẹ náà jẹ ẹ́ nígbà tó lóyún ẹ."

"Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì kú."

"Ṣebí ibà ló..."

"Kì í ṣe ibà, Ìyá. Oyún ni. Ó wà níkùn wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú báyìí, orí fọ́ wọn báyìí, wọ́n ṣubú, wọ́n ń gbọ̀n. Wọ́n gbé wọn lọ sígbó tàwọn ti ìkòkò wọn."

Wọ́n yí iná sítóòfù wálẹ̀ títí tó fi kú. Wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọmọ ń sùn níbẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì.

"Àwọn bàbá ẹ jẹ obì wa."

Mo fi ògiri sílẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Wọ́n jókòó síwájú èmi àti ọkọ mi, wọ́n jẹ obì wa, wọ́n gbàdúrà sí i. Tá a bá ti mọ̀ ni, ọmọ mi ì bá má ya ilé yín. O gbọ́? Ì bá má yà á."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ìgbà náà ni ojú wọn bọ́ sára agolo iyọ̀. Wọ́n gbé e, wọ́n wò ó. "Èmi ni mo wá ń fún un," wọ́n ní. "Ọwọ́ mi yìí." Wọ́n jáde lọ dà á sínú gọ́tà, wọ́n fi omi kànga ṣan agolo náà, wọ́n tún un ṣan, wọ́n ń ṣan án títí tí Ìyá Sílífá fi lọ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí Bùrọ̀dá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnu kànga ni wọ́n ti sọ fún un. Mo ń wò wọ́n láti fèrèsé. Ó wọlé, ìdọ̀tí pákó ṣì wà lórí ẹ̀. Ó bi mí ọ̀rọ̀ kan péré.

"Ṣé o mọ̀ nígbà tá a ń ṣe ìdána?"

"Mo mọ̀, Bùrọ̀dá."

Kò nà mí, kò bú mi. Ó bu oúnjẹ tiẹ̀ sínú àwo ọ̀tọ̀, ó lọ jẹ ẹ́ lójúde. Mi ò tíì rí i kó jẹun nínú àwo ọ̀tọ̀ rí láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra.

Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ìkìrun ní kí n dìde. Wọ́n dì mí mú láti Mafoluku dé Òṣòdì, a wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ìsọlọ̀, Bùrọ̀dá gbé ẹrù mi tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, kò sún mọ́ wa, kò sì jìnnà. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo rò pé Ìyá Ìkìrun máa sọ báwọn ará ilé mi ṣe tan wọ́n. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọ́n kúnlẹ̀, àgbà tó bí ọkọ mi, wọ́n kúnlẹ̀ fún nọ́ọ̀sì.

"Mo parọ́ fún yín lọ́jọ́sí. Kì í ṣe ibà. Oyún ló pa ìyá ẹ̀, gìrì ló gbé e. Èmi ni mo sì ń fún un níyọ̀."

"Màmá! Ẹ̀mí èèyàn lẹ fi ń ṣeré báyìí?"

"Ẹ bú mi dáadáa. Ẹ ṣáà tọ́jú ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì bú wọn dáadáa lóòótọ́, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń gbọ́. Wọn ò dárúkọ Bàbá. Wọn ò dárúkọ ilé wa. Wọ́n gbé irọ́ náà rù bíi pé inú ẹrù tiwọn ló ti já bọ́. Dókítà dé, ó fi nǹkan tẹ́tí sí inú mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Bùrọ̀dá tẹ ìka sí ìwé pé kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ìwé tí mò ń kọ yìí, òun ló lọ rà á wá, nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ nǹkan. Ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹsẹ̀ mi, kò wo ojú mi. Ó ní, "Wọ́n ní ṣé ó ń mira?" Mo ní ó mira díẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò sọ fún un pé láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ṣé oorun ni? Nígbà tí èmi wà nínú yín, ṣé mo máa ń dákẹ́ báyìí? Ẹni tó wà nínú yín kẹ́yìn ńkọ́, ṣé òun náà kọ́kọ́ dákẹ́ ni?

Kí wọ́n tó lé Ìyá Ìkìrun jáde, wọ́n gbé ọwọ́ lé inú mi. Wọn ò pè é ní Ìyábọ̀. Láti àná ni wọn ò ti pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé, torí wọn kì í pe ẹni tó lọ bẹ́ ẹ ṣe lọ pé kó padà wá. Wọ́n pa ojú dé. Ohùn wọn ò jọ ti àdúrà, ó jọ ti ẹni tó ń lé nǹkan.

"Ọ̀nà tí ìyá ẹ gbà, o ò ní gbà á."

Mo ń gbọ́.

"Ibi tó sọdá, o ò ní sọdá. Tó bá pè ẹ́, etí ẹ ò ní gbọ́. Tó bá na ọwọ́ sí ẹ, ojú ẹ ò ní rí i. Ìwọ àtòun, kò sí ohun tó pa yín pọ̀ mọ́."

Mo ṣe àmín, Màámi. Kò há mi lọ́fun rárá. Mo ṣe é sókè débi pé obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ta jí. Àmín tí mi ò le ṣe nígbà tí wọ́n ń fi yín wúre, òun ni mo ṣe nígbà tí wọ́n ń lé yín lọ. Bàbá lé yín kúrò nílé, àwọn ará ilé lé yín kúrò lẹ́nu. Èmi ló kù, èmi náà sì ti lé yín. Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti ń ké lọ́kàn mi, mi ò sì le sunkún, torí nọ́ọ̀sì ní tí mo bá sunkún, ẹ̀jẹ̀ náà á tún ga.

Mi ò ní í bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dárí jì mí. Nǹkan míì ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Wọ́n ní ẹni tó kú toyúntoyún kì í lọ tán, wọ́n ní ó máa ń wá ọmọ ẹ̀ kiri. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń wí. Lọ́la, wọ́n á gbé mi wọlé, wọ́n á fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun, ojú mi á ṣú. Bóyá màá rí yín. Bóyá ẹ máa jókòó síbì kan, ẹ máa mọ̀ mí, bí mo tiẹ̀ ti dàgbà. Mo mọ ara mi. Tẹ́ ẹ bá fi orúkọ mi pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá wá. Kò sí àdúrà ẹnikẹ́ni tó le dá mi dúró.

Torí náà, ẹ má pè mí, Màámi. Tẹ́ ẹ bá rí mi, ẹ yí ẹ̀yìn sí mi. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò bí mi rí. Tí mo bá ń sunkún bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má wẹ̀yìn. Màá mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Èmi ọmọ yín, tí inú ẹ̀ dákẹ́, tó sì fẹ́ padà sílé.